Bí Oníṣẹ́ Abẹ Ṣe Lè Dáàbò Bo Ara Rẹ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Kòkòrò Àrùn Inú Ẹ̀jẹ̀

Lára oníṣẹ́ abẹ tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì ni abẹ́rẹ́ sábà máa ń gún jù lọ, àsìkò tí a bá sì ń rán ara aláìsàn pọ̀ ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ọwọ́ òsì yẹn ni ó ń tẹ ẹran ara, tí ó sì ń wá ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kiri níbi tí ojú kò dé. Nítorí náà, ìṣesí ọwọ́ ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Kòkòrò mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé jù: ti àrùn mẹ́dọ̀wú (hepatitis) B, ti mẹ́dọ̀wú C àti HIV. Bí abẹ́rẹ́ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní HIV lára bá gún ènìyàn, nǹkan bí ẹni 3 nínú 1,000 ni ó máa ń kó o. Ti mẹ́dọ̀wú C kò tó ẹni 2 nínú 100. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò gba àjẹsára, ti mẹ́dọ̀wú B lè tó ẹni 6 sí 30 nínú 100, bí kòkòrò náà bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Síbẹ̀, HIV ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B kí ẹ tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sábà máa ń gbà á: èkejì ní oṣù kan lẹ́yìn àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn àkọ́kọ́ kan náà. Ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá èròjà ààbò inú ẹ̀jẹ̀ yín tó ìwọ̀n 10 mIU/mL, nítorí pé ara àwọn kan kì í gba àjẹsára náà. Kò sí irú rẹ̀ fún mẹ́dọ̀wú C tàbí HIV.

Lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ méjì lé ara wọn. Bí àwọ̀ ti inú bá yàtọ̀, ihò ara ti òde yóò tètè hàn. Ẹni tí kò mọ́ lára yóò sọ pé ìka òun kò mọ nǹkan lára mọ́, ṣùgbọ́n èyí máa ń rọlẹ̀ bí ó bá ti ń lò ó lemọ́lemọ́. Ẹ̀mú ni kí ẹ fi mú abẹ́rẹ́, kí ẹ má ṣe fi ìka mú un. Fún rírán iṣan àti awọ líle tí ó bò ó, ẹ lo abẹ́rẹ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ kújú, èyí tí ó ń la ẹran kọjá ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé agbára káká ni ó fi ń la ìbọ̀wọ́. Ẹ má ṣe gba ọ̀bẹ láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì sí ọwọ́ yín: ẹ ya ojú kan sọ́tọ̀ tàbí kí ẹ lo abọ́ kan, kí ẹni tí ó ń gbé ohun mímú kalẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́, kí ó gbé e síbẹ̀, kí ẹnì kejì tó nawọ́ mú un. Àwọn kan ń ráhùn pé èyí ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ bo ojú yín pẹ̀lú, nítorí ẹ̀jẹ̀ máa ń ta sí ojú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ẹ sọ ọ́ síta, kí ẹ fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní kété tí kò bá ti ní pa aláìsàn lára. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Ẹ má ṣe fún ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, ẹ má sì ṣe da oògùn tí ń mú aṣọ funfun (bleach) sí i. Ojú tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, omi ni kí ẹ fi ṣàn án dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi tó ẹ̀ka ìlera òṣìṣẹ́ létí, kí wọ́n sì bèèrè fún àṣẹ aláìsàn láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oògùn ìdènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni ẹ ó sì fi lò ó. Ẹni tí kò ní ààbò mẹ́dọ̀wú B lè gba ìmúnọ́gíróbúlínì, ìyẹn èròjà ààbò tí a ti ṣe tán láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, ó sàn kí ó jẹ́ láàárín wákàtí 24, pẹ̀lú àjẹsára. Fún mẹ́dọ̀wú C, kò sí oògùn ìdènà. Àyẹ̀wò ni ẹ ó máa ṣe léraléra, bí ó bá sì ti wọlé, oògùn oníhóró tí a ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo ohun tí ó lé ní ẹni 95 sàn nínú 100. Títí èsì ìkẹyìn yóò fi jáde, ẹ lo kọ́ńdọ́ọ̀mù, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.