Bí Ẹ Ṣe Ń Ba Orin Yín Jẹ́ Lórí Rìkọ́dà Ọwọ́

Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ kọ̀ǹpútà nínú orin òun, mi ò bá a jà. Iṣẹ́ tí mo ń jẹun lórí rẹ̀ nìyẹn: rìkọ́dà ọwọ́, máìkì méjì, sítáńdì, ó parí. Ohun tí mi ò gbà ni kí èèyàn kó owó gidi lé ẹ̀rọ, kó wá máa lò ó bí ẹni pé kọ̀ǹpútà kan ṣì ń bọ̀ wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́la. Kò sí èyí tó ń bọ̀. Ìlù tó bá sáré, ó sáré náà nìyẹn. Gìtá tó bá pẹ́ wọlé, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ máa fi fà á síwájú. Gbogbo ìpinnu gbọ́dọ̀ ti wáyé kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì pupa, àwọn tí kò sì gbà bẹ́ẹ̀ ló ń gbé káàdì inú rìkọ́dà wọn wá bá mi pé kí n bá wọn wò ó.

Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí tíráàkì jẹ́, mi ò sì ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń so máìkì. Ẹ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé yẹn, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ nínú páálí.

1. Ẹ ń ra nọ́ńbà ara páálí

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ tíráàkì. Máìkì mélòó ni ẹ̀rọ náà lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà? Tíráàkì mélòó ló lè kó jọ sínú orin kan? Ṣé ó lè máa kọ ohun tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ sí yín létí, kó sì máa gba tuntun lé e lórí? Zoom H4n ní tíráàkì mẹ́rin, àmọ́ ní ipò MTR, èyí tí wọ́n fi ń gba ohùn lé ohùn, méjì péré ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Tascam DP-008EX ní mẹ́jọ, òun náà kì í gbà ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Zoom R16 ní mẹ́rìndínlógún, ó ń gba mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Zoom F3 ńkọ́? Ohùn rẹ̀ mọ́ gan-an, àmọ́ àwọn tó ń gba ohùn fíìmù àti ohùn ìta ni wọ́n ṣe é fún: ojú ihò máìkì méjì, kò sì sí gbígba ohùn lé ohùn nínú rẹ̀.

Ẹnì kan ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó ní òun nìkan ni òun máa lu gbogbo ohun èlò orin òun. Ó bi mí níbo ni bọ́tìnì overdub, ti gbígba ohùn lé ohùn, wà. Mo ní kò sí. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Mo wò ó dáadáa.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹnì kan tó ń kó orin jọ díẹ̀díẹ̀, ojú ihò méjì àti tíráàkì mẹ́jọ tó yín. Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ olórin tó ń lù ú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iye ojú ihò ni kí ẹ kà. Ẹ má ra ti ẹnì kan kí ẹ wá fi ṣe ti ẹgbẹ́ olórin.

2. Auto level

Òun ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń fúnra rẹ̀ gbé ohùn tó ń wọlé sókè sódò. Ẹ pa á. Ní gbogbo ìgbà tí akọrin bá dákẹ́ láti mí, ẹ̀rọ á gbé ariwo fáànù sókè wá dípò rẹ̀.

3. Ta ló ní kí ẹ lo 96 kHz?

Tíráàkì ẹyọ kan ní 24-bit àti 48 kHz (bit ni bí ẹ̀rọ ṣe ń wọn ohùn kínníkínní tó, kHz ni iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tó ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 8.6 ní ìṣẹ́jú kan. Mẹ́jọ á sún mọ́ 70. Ẹ gbé e sí 96 kHz, gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, àwọn ẹ̀rọ kan á sì ti àwọn iṣẹ́ kan pa mọ́ yín lójú; lórí H4n, ẹ ò lè lo effect (ohun tí ẹ̀rọ fi ń ṣe ohùn lọ́ṣọ̀ọ́) ní 96. Gbogbo èyí fún orin tí àwọn èèyàn máa gbọ́ lórí fóònù. Ẹ mú 44.1 tàbí 48 kí ẹ dúró síbẹ̀ títí orin yẹn á fi parí.

4. Iná pupa

Wọ́n ti sọ fún yín níbì kan pé kí ohùn sún mọ́ òkè dáadáa, níbi tí iná pupa ti ń kìlọ̀ pé ohùn fẹ́ fọ́. Ìgbà káṣẹ́ẹ̀tì nìyẹn, tí ariwo téèpù ń bo ohun tó bá kéré mọ́lẹ̀. Bit kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 6 dB (òṣùwọ̀n gíga ohùn) àyè láàárín ohùn tó kéré jù àti èyí tó ga jù: 16-bit fún yín ní 96 dB, 24-bit fún yín ní 144, ó sì ju ohun tí máìkì yín lè mú wá lọ. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù nínú orin máa kan nǹkan bíi −12 dB, níbi tí òdo ti jẹ́ òkè pátápátá. Ẹ sọ fún akọrin kó kọ ibi tó ti máa pariwo jù, kì í ṣe ẹsẹ àkọ́kọ́ tó máa ń kọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣètò gain (bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé ohùn máìkì sókè tó).

Ẹ̀yin tí ẹ sì ra 32-bit float (ọ̀nà gbígba ohùn tó ń fàyè gba ohùn tó ga gan-an) torí pé "kò lè bàjẹ́": ohùn tó bá ti fọ́ nínú máìkì fúnra rẹ̀, fífọ́ náà ni ẹ̀rọ máa gbà sílẹ̀, á gbà á mọ́ gaara.

5. Etí yín

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n tó sọ èyí. Bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ hẹ́dífóònù, àwọn ará ilé mi máa ń dìde kúrò nídìí tábìlì.

Ẹ ti ra rìkọ́dà olówó gọbọi. Ẹ ra máìkì. Ẹ ra sítáńdì tó ń dán. Nígbà tí ó wá ku kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ fa íàpíìsì tó bá fóònù wá jáde látinú àpò. Tàbí kí ẹ gbé èyí tó burú jù ú lọ kọ́rùn, hẹ́dífóònù Bluetooth.

Bluetooth máa ń jẹ́ kí ohùn pẹ́ kó tó dé etí. Ó lè lé ní 100 mìlísẹ́kọ́ńdì. Ẹ má pè é ní kékeré. Bí orin bá ń lọ ní lílù 120 ní ìṣẹ́jú kan, lílù kan jẹ́ 500 mìlísẹ́kọ́ńdì, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 125. Èyí tí ẹ ń gbọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá mẹ́rin lílù kan rẹ̀yìn, ẹ wá ń ta gìtá bá ohun tó ti rẹ̀yìn, rìkọ́dà sì kọ gìtá yẹn síbi tó bọ́ sí. Nígbà tó bá di tíráàkì kẹta, bí ó bá jẹ́ gìtá tó pẹ́ yẹn ni ẹ ń tẹ̀ lé, tíráàkì kẹta á tún pẹ́ ju ti gìtá lọ. Ẹ wá ní onílù ni kò mọ ìlù lù. Onílù kọ́. Hẹ́dífóònù olókùn ni kí ẹ lò, ẹ jọ̀wọ́.

Kó jẹ́ èyí tó bo etí pa pẹ̀lú. Àbúrò kan gbé orin wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi dà á pọ̀ ni, ó ti parí." Orin náà dára, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Gìtá olókùn ọ̀rá, ohùn ẹnì kan, ohùn àwọn agberin ní tíráàkì méjì. Bó ṣe parí ni pé gìtá ta okùn ẹyọ kan, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi tán. Bí okùn yẹn ṣe ń lọ sílẹ̀ ni mo gbọ́ ọ lábẹ́ rẹ̀: tí, tí, tí, tà. Kílíìkì, ìró tó ń ka ìlù fún olórin létí. Mo pa tíráàkì gìtá, ó ṣì ń ró nínú ti akọrin. Mo pa ti akọrin, ó wà lọ́dọ̀ àwọn agberin. Ó wà nínú gbogbo wọn. Hẹ́dífóònù onífóòmù, tí ohùn máa ń jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ni wọ́n lò, wọ́n sì gbé kílíìkì sókè gan-an kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù nínú orin.

Lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn á jókòó tì í, á máa gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí rìkọ́dà, ohun kan ṣoṣo ló kù fún mi: mo fa gbogbo ohùn wálẹ̀ kí okùn yẹn tó dé ìdajì. Ibi tó dùn jù nínú orin náà ló lọ. Inú rẹ̀ kò dùn, tèmi náà kò dùn. Ó ní ṣé kò sí bọ́tìnì tó ń yọ kílíìkì ni. Mo ní ó wà, òun ni èyí tí wọ́n fi ń dín ohùn hẹ́dífóònù kù.

Ẹ yan kílíìkì tó dún wúwo, kì í ṣe èyí tó ń gún etí. Kó tún dára ju ìyẹn lọ, ẹ gba ìlù kékeré kan tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí tíráàkì kan fún ìtọ́sọ́nà, kí ẹ nù ún kúrò nígbà tí orin bá ti dúró. Bí ibi tó dákẹ́ bá ń bọ̀, kí ẹnì kan fọwọ́ fa ohùn hẹ́dífóònù wálẹ̀. Àwọn akọrin tó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan hẹ́dífóònù sẹ́yìn etí kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn, mi ò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ yẹn lẹ̀ mọ́ orí pẹ́pẹ́, kó má kọjú sí máìkì.

Ìdánwò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì. Kí akọrin dé hẹ́dífóònù, kó dúró síbi tó ti máa kọrin, kó dákẹ́. Ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sílẹ̀ bí orin ṣe ń lọ létí rẹ̀. Ẹ wá tẹ́tí sí tíráàkì yẹn nìkan. Bí ẹ bá lè kọrin tẹ̀ lé ohun tí ẹ gbọ́ níbẹ̀, ẹ kò tíì ṣe tán.

Mo tiẹ̀ ti gbàgbé nọ́ńbà tó kàn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ orin láìka ohunkóhun ṣíwájú. Nígbà tí gìtá bá wọlé fúnra rẹ̀ láti inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, báwo ni onílù tó ń bọ̀ lọ́la ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ kí òun náà wọlé? Ẹ ka mẹ́rin sórí tíráàkì àkọ́kọ́, ketekete. Bí orin bá ní ibi tí gbogbo yín ti máa dúró lójijì kí ẹ tún padà wọlé, kí ìtọ́sọ́nà má dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn ohùn ìkẹyìn, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ tó tẹ stop. Ariwo ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré lọ pa rìkọ́dà ti wà nínú orin tó pọ̀ jù.

Yíyí ohùn okùn (tuning): ohun èlò tí a kò lè yí ohùn rẹ̀ padà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí àwọn yòókù wá bá a. Kíbọ́ọ̀dù àlòkù tó jẹ́ ti àtijọ́, tó ti ròkè díẹ̀ ju A 440 (ohùn tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n) lọ, kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ gìtá tí ẹ ti gbà ṣíwájú rẹ̀.

Ẹ sì gbé rìkọ́dà kúrò láàárín yàrá. Máìkì méjì tó wà lórí rẹ̀ wúlò fún ẹgbẹ́ akọrin tàbí ìlù, kì í ṣe fún gbogbo nǹkan. Ẹ fi í gba gìtá, tíráàkì méjì lọ. Ẹ fi í gba ohùn, méjì tún lọ. Gbogbo wọn ń jókòó lé ara wọn lórí láàárín orin. Ariwo yàrá pẹ̀lú ń pọ̀ sí i. Ní gbogbo ìgbà tí iye tíráàkì bá di ìlọ́po méjì, ariwo abẹ́lẹ̀ ń fi nǹkan bíi 3 dB gòkè, ìyẹn ni pé tíráàkì mẹ́jọ á fi 9 dB ju ti ẹyọ kan lọ. Fáànù tí ẹ ò gbọ́ nínú tíráàkì àkọ́kọ́ á ti di ọmọ ẹgbẹ́ olórin nígbà tí ẹ bá fi parí. Ẹ lo máìkì ẹyọ kan fún ohun èlò ẹyọ kan, ẹ sún un mọ́ ọn, ẹ tú àwọn tíráàkì ká sọ́tùn-ún àti sósì nígbà tí ẹ bá ń dà wọ́n pọ̀.

Bounce, ìyẹn kíkó tíráàkì púpọ̀ pọ̀ sórí ẹyọ kan, wá ńkọ́. Láti 1979 tí Tascam ti gbé Portastudio 144 jáde, tíráàkì mẹ́rin lórí káṣẹ́ẹ̀tì, ni àwọn èèyàn ti ń kó mẹ́ta pọ̀ sórí ìkẹrin láti rí àyè tuntun. Nígbà náà, ariwo téèpù máa ń kìlọ̀ fún èèyàn, torí kíkópọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi kún un. Nísinsìnyí tí ariwo yẹn kò sí mọ́, ẹ kàn ń kó nǹkan pọ̀ ṣáá ni. Béèsì tó bá ti bo ìlù mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ kó wọn pọ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa yà wọ́n mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo orin náà sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó bounce, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló lè ṣe é, inú ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ fa tíráàkì kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ kí ẹ tó kó wọn jọ, torí mẹ́ta tó ń kan −6 lè kọjá òdo bí wọ́n bá pàdé. Ẹ fi reverb (ìdún tó ń jẹ́ kí ohùn dà bíi pé inú yàrá ńlá ló wà) tó kéré sí èyí tí ẹ rò pé ó tọ́. Ohùn akọrin ni kó gbẹ̀yìn, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń lo rìkọ́dà méjì pọ̀ láti rí tíráàkì púpọ̀ sí i, aago inú wọn kì í bára dọ́gba. Ìyàtọ̀ 20 nínú mílíọ̀nù kan péré á di mìlísẹ́kọ́ńdì 72 láàárín wákàtí kan. Fún orin ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò tó 5, ẹ lè gbà á bẹ́ẹ̀. Fún eré alẹ́ odindi, ẹ pàtẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí orin kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè fi to ohùn rìkọ́dà méjèèjì bára, kí ẹ sì tẹ stop láàárín orin kan sí èkejì.

Bátìrì: èyí tí a ń sáàjì jẹ́ fóòtì (volt) 1.2, ti lásán jẹ́ 1.5. Ẹ sọ irú èyí tí ẹ fi sí i fún ẹ̀rọ nínú mẹ́nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì bátìrì á máa purọ́ fún yín. Bí máìkì yín bá ń gba fóòtì 48 láti inú rìkọ́dà, kíákíá ló máa fa bátìrì tán. Nígbà tí ẹ bá tẹ stop ni ẹ̀rọ ń kọ gígùn fáìlì sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí iná bá kú ṣáájú ìgbà yẹn, fáìlì náà lè wà lórí káàdì kí ohunkóhun má lè ṣí i. Nítorí náà, ẹ tẹ stop, ẹ dúró kí àmì tó ń tàn nígbà tó ń kọ̀wé sórí káàdì lọ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa á.