Bí A Ṣe Ń Fi Fast Reroute Dáàbò Bo Ọ̀nà Dátà Lórí MPLS

Lórí MPLS, níbi tí ráútà ti ń fi lébẹ́ẹ̀lì darí dátà, bí fáíbà bá já láàárín ráútà méjì, tó wá jẹ́ pé ráútà ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà mìíràn, dátà lè dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Fast Reroute, tí ìwé ìlànà RFC 4090 là sílẹ̀ lọ́dún 2005, kì í dúró dìgbà náà: ráútà tó wà nídìí ibi tó já ló ń darí dátà gba ẹ̀bùrú tí a ti pèsè. Kí ó parí láàárín mìlísẹ́kọ́ǹdì 50 ni à ń lé.

Cisco IOS àti OSPF (ìlànà tí àwọn ráútà fi ń mọ ọ̀nà) ni a lò níhìn-ín. R1, R2, R3 àti R4 tò tẹ̀léra; R5 so mọ́ R2 àti R3. Tunnel1, ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún dátà, ń ti R1 lọ sí R4. Líǹkì R2 sí R3 ni a fẹ́ dáàbò bò.

1. Lórí gbogbo ráútà, ẹ tẹ `mpls traffic-eng tunnels`, kí ẹ tún un tẹ̀ sórí interface kọ̀ọ̀kan tó kàn, pẹ̀lú `ip rsvp bandwidth`. Lábẹ́ OSPF, ẹ fi `mpls traffic-eng area 0` àti `mpls traffic-eng router-id Loopback0` sí i (Loopback0 ni àdírẹ́sì ráútà fúnra rẹ̀).

2. Lórí R1, ẹ fi `tunnel mpls traffic-eng fast-reroute` sábẹ́ Tunnel1. Èyí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Bí R1 kò bá béèrè ààbò, R2 kò ní dá sí i, bó ti wù kí ẹ̀bùrú náà dára tó.

3. Lórí R2, ẹ ṣe explicit-path (ọ̀nà tí a fúnra wa là sílẹ̀) tó fi `exclude-address` yọ líǹkì R2 sí R3 kúrò. Òun ni Tunnel100, ẹ̀bùrú wa, yóò gbà dé Loopback0 ti R3. Ẹ má fi `autoroute announce` sí i o, kí dátà ojoojúmọ́ má baà gba ibẹ̀.

4. Lórí interface R2 tó kọjú sí R3, ẹ tẹ `mpls traffic-eng backup-path Tunnel100`. Ẹ wá yẹ `show mpls traffic-eng fast-reroute database` wò: `ready` ló yẹ kó wà níbẹ̀, tí líǹkì bá já, á di `active`.

Bí R3 fúnra rẹ̀ bá kú, Tunnel100 kò wúlò mọ́. Ẹ ṣe òmíràn tó yẹra fún R3 pátápátá, tó parí sí R4; ìyẹn gba pé kí líǹkì mìíràn tí kò gba R3 wà dé R4, irú èyí tí kò sí nínú ìtò wa yìí.

Ẹ wo ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Bí fáíbà R5 bá wà nínú kòtò kan náà pẹ̀lú èyí tí à ń dáàbò bò, ẹyọ katakata kan á gé méjèèjì. Ẹ̀bùrú tún ń fi lébẹ́ẹ̀lì báítì 4 kún pákẹ́ẹ̀tì, nítorí náà MTU (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí líǹkì lè gbé) gbọ́dọ̀ gbà á.

Bí switch bá wà láàárín R2 àti R3, iná interface R2 kò ní kú nígbà tí ọ̀nà bá já. BFD, ìlànà tí ráútà méjì fi ń ránṣẹ́ síra wọn léraléra láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì wà, ni yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ránṣẹ́ ní mìlísẹ́kọ́ǹdì 50-50, tó sì ń dúró kí mẹ́ta sọnù, ó ti di 150. Ìdí nìyí tí fífi `shutdown` dán an wò lórí R2 fi ń tanni jẹ: R2 ti mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìhà R3 ni kí ẹ ti yọ fáíbà.