Bí A Ṣe Lè Yè Nínú Ìjàǹbá Bàálù, àti Bí Ó Ṣe Yẹ Ká Gbọ́ Ìròyìn Rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń wọ bàálù mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìjàǹbá bàálù kì í pa gbogbo èrò inú rẹ̀. Àjọ NTSB, tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, yẹ ìjàǹbá 568 tó kan àwọn bàálù akérò ilẹ̀ náà wò, láti ọdún 1983 títí di ọdún 2000. Nínú èèyàn 53,487 tó wà nínú àwọn bàálù náà, 51,207 ló yè. Ìròyìn kì í jẹ́ ká mọ èyí, nítorí pé bàálù tí ẹnikẹ́ni kò yè nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé sójú tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà tí èyí tí gbogbo èrò rẹ̀ jáde láàyè kì í pẹ́ kúrò lẹ́nu wọn. Ìbẹ̀rù nìkan kọ́ ni èyí ń dá sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbà pé kò sí ẹni tó ń yè kò ní fetí sí ìlànà ààbò, kò sì ní wo ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti jókòó, ẹ ka iye ìlà àga tó wà láàárín yín àti ilẹ̀kùn pàjáwìrì tó sún mọ́ yín jù, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ka méjèèjì, nítorí iná lè dí ọ̀kan. Tí èéfín bá bo inú bàálù, ojú kò ní ríran mọ́. Ọwọ́ ni ẹ ó fi máa ka àga dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nílùú Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, bàálù kan gbiná nígbà tó ń sáré lórí ilẹ̀ láti gbéra. Kò tíì kúrò nílẹ̀ rárá, síbẹ̀ èèyàn 55 ló kú, èéfín ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ di bẹ́líìtì mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn, kó le dáadáa, kí ẹ má sì bọ́ bàtà nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀. Nínú ìjàǹbá bàálù Asiana, ilé iṣẹ́ bàálù kan ní South Korea, tó ṣẹlẹ̀ ní San Francisco nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù keje ọdún 2013, mẹ́ta péré ló kú nínú èèyàn 307. Méjì nínú wọn kò de bẹ́líìtì, ìjàǹbá náà sì jù wọ́n síta bàálù.

Ẹrù kò gbọdọ̀ bá yín jáde. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí bàálù ńlá, ó gbọ́dọ̀ hàn pé gbogbo èrò lè jáde láàárín 90 ìṣẹ́jú àáyá, kó jẹ́ pé ìdajì ilẹ̀kùn péré ló ṣí. Ẹni tó dúró fa báàgì lókè orí, ẹ̀mí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Ní pápákọ̀ òfurufú Haneda nílùú Tokyo, ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, bàálù Japan Airlines kọlu ọkọ̀ òfurufú kékeré kan, ó sì gbiná. Èèyàn márùn-ún kú nínú ọkọ̀ kékeré náà, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn 379 tó wà nínú bàálù ńlá ló yè. Ohun tó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ ni pé wọ́n gbọ́ràn sáwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu.

Tó bá jẹ́ orí omi ni bàálù já sí, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, ṣùgbọ́n ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí bàálù Ethiopian Airlines kan já sínú òkun nítòsí erékùṣù Comoros lọ́dún 1996, àwọn kan ti fẹ́ atẹ́gùn sí tiwọn nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú bàálù. Nígbà tí omi wọlé, ẹ̀wù náà gbé wọn lé àjà, wọn kò sì lè wẹ̀ jáde.

Ní ti ìròyìn, ẹ má gba ohun tí wọ́n bá sọ nípa okùnfà ní wákàtí àkọ́kọ́ gbọ́. Ìlànà ICAO, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, ni pé kí ìjábọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìwádìí ìjàǹbá jáde láàárín 30 ọjọ́, kí èyí tó kẹ́yìn sì jáde láàárín ọdún kan bó bá ṣeé ṣe. Ìkánjú ló mú kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ka orúkọ èké mẹ́rin sétí aráyé, wọ́n ní orúkọ àwọn awakọ̀ bàálù Asiana ni, kó tó di pé wọ́n tọrọ àforíjì. Ó dùn mí púpọ̀ pé orí òkú ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá yè nínú ìjàǹbá, ẹ pe àwọn ará ilé yín kí ẹ tó dá akọ̀ròyìn kankan lóhùn, ẹ sì lè kọ̀ jálẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé èèyàn yín ló kú, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí tí yóò máa dá wọn lóhùn, kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kó tó kà á, kó má sì fi àwòrán olóògbé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹbí fohùn ṣọ̀kan lórí èyí tí wọ́n fẹ́ kí aráyé rí.