Kí Ẹ Tó Kọ́ Wọn, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ́ Yín

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní ilẹ̀ tí wọ́n rán mi lọ, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù nawọ́ sókè. Gbogbo ilé ló nawọ́. Ìyá àgbà kan tó ti ń tòògbé, ọmọ rẹ̀ ló bá a gbé tiẹ̀ sókè. Mo sunkún ayọ̀, mo kọ̀wé sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́rin ló wá. Ó tó ọdún kan kí bàbá kan tó là á yé mi: "Àlejò ló ní ká nawọ́. Ṣé ká dójú tì í ni?"

Torí náà, ẹ̀yin tí wọ́n ń rán lọ wàásù nílẹ̀ àjèjì, ẹ má tíì bèèrè ìpinnu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ èdè ná, èyí tí wọ́n fi ń ṣàwàdà, tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà gbọ́ Gíríìkì, àmọ́ èdè Likaóníà làwọn ará Lístírà fi ń pariwo pé òrìṣà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó jọ pé kò tètè yé wọn, àfìgbà tí wọ́n ń fa màlúù bọ̀ wá rúbọ sí wọn (Ìṣe 14). Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ. Àgbàlagbà á gbójú fo àṣìṣe yín; ọmọdé á fi yín rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ fàlà sí àárín rẹ̀. Ohun tójú yín rí, apá òsì. Ohun tẹ́ ẹ rò pó túmọ̀ sí, apá ọ̀tún. Mo kọ ọ́ sápá òsì nígbà kan pé: "Mo kí obìnrin náà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́." Apá ọ̀tún: "Kò fẹ́ràn mi." Lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo fagi lé tọ̀tún, mo kọ: "Ó bọ̀wọ̀ fún mi." N ò fọwọ́ kan tòsì.

Tẹ́ ẹ bá ń bèèrè nǹkan, ẹ fi "kí ló dé" sílẹ̀. Ó ń dún bí ẹjọ́. Ẹ bi wọ́n pé: "Ta ló ń ṣe é? Bí ẹnì kan ò bá ṣe é ńkọ́?" Ẹ bi àgbà, ẹ bi ọ̀dọ́, ẹ bi obìnrin, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Aṣọ náà ń sọ̀rọ̀. Matteo Ricci, míṣọ́nnárì Kátólíìkì kan láti Ítálì, dé Ṣáínà pẹ̀lú aṣọ àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, ó rò pé ìyẹn ló níyì. Ó ṣe díẹ̀ kó tó rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ò ka irú wọn sí. Ní 1595, ó bọ́ ọ, ó wọ ti ọ̀mọ̀wé.

Bí nǹkan kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ bi ara yín: Bíbélì ló kọ̀ ọ́ ni, àbí ìyá mi? Èyí tó jẹ́ ìyá mi ló kọ̀ ọ́ pọ̀ jù nínú tèmi.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹnu àwọn Mùsùlùmí la ti gba "àdúrà" àti "wàásù", wọ́n sì wà nínú Bíbélì wa títí dòní.

Paríparí rẹ̀, ẹ wá ẹnì kan tó lè bá yín wí. Bàbá ọjọ́sí ni tèmi. Kò tíì gba Jésù, àmọ́ òun ni mo kọ́kọ́ ń sọ ìwàásù mi fún. Bó bá ti rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, mo mọ̀ pé mo ní láti lọ tún un kọ.