Kọ́ńdọ̀mù Lo Fi Ṣe É: Ṣé Ó Yẹ Kó O Yẹ HIV Wò?

Kọ́kọ́ wo bí kọ́ńdọ̀mù náà ṣe rí. Bó bá wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kò ya, tí kò yọ, ewu HIV kéré jọjọ. Ìfẹnukonu kì í kó o ranni. Bí ẹnì kejì rẹ bá ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ràn ọ́ nípa ìbálòpọ̀.

Kọ́ńdọ̀mù tó ya kì í sábà fara pa mọ́; nígbà míì òrùka ìdí rẹ̀ nìkan ló ń kù. Bó bá ń ṣe ọ́ bíi pé ó jò, rọ omi sínú rẹ̀ kó o wò ó. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù nílé wa ni òrí, àdín àti Vaseline: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, epo ti sọ rọ́bà náà di ẹlẹgẹ́. Jẹ́ẹ̀lì olómi ni kẹ́ ẹ lò.

Bó bá ya tàbí tó yọ, má fi ọṣẹ tàbí apakòkòrò fọ inú ojú ara; ṣe ló máa bó awọ ibẹ̀. Bó o bá wà n'Ibadan, lọ sí ilé ìwòsàn UCH tàbí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtú lọ́jọ́ náà gan-an, kó o sọ pé PEP lo wá gbà, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí HIV ráyè wọlé sára lẹ́yìn irú ewu bẹ́ẹ̀. Bó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, má dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè. Wákàtí 72 ni gbèdéke, àmọ́ bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Ọjọ́ 28 gbáko lo máa fi lò ó.

Àyẹ̀wò ọjọ́ kejì ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Èyí tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ apá fún ní láàbù lè rí HIV láàárín ọjọ́ 18 sí 45 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà. Ti ẹ̀jẹ̀ orí ìka, ọjọ́ 23 sí 90.

Bó bá jẹ́ OraQuick, àyẹ̀wò HIV tí wọ́n ń fi omi ẹnu ṣe, lo fẹ́ fúnra rẹ ṣe nílé, dúró di ọjọ́ 90. Kó o tó ṣe é, má jẹ, má mu fún ìṣẹ́jú 15; má fọ ẹnu fún ìṣẹ́jú 30. Fi ọ̀pá rẹ̀ nu èrìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ahọ́n o. Ti ọ̀pá náà bọ inú ìgò omi rẹ̀, kó o ka èsì rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 40. Ìlà C nìkan: kò rí HIV. C àti T, bí T tiẹ̀ rí fẹ́ẹ́rẹ́: lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, torí òun nìkan ò tó dájọ́. Bí C ò bá jáde, ó ti bàjẹ́, òmíràn ni kó o lò. Ẹni tó ń lo PEP lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ gbára lé e, torí oògùn náà lè bo èsì mọ́lẹ̀.