Bí mo ṣe fi ọwọ́ aránṣọ tún kúbù tuntun mi ṣe

Ọjọ́ Ẹtì ni awakọ̀ tó gbé e wá láti Èkó pè mí pé kí n wá gba ẹrù mi ní gáréèjì. Mo fi búláòsì oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bá mi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà lọ. Páálí kékeré kan báyìí ni. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé sípù ni mo lọ gbà. Nígbà tó rí i pé kúbù ni, ó kàn wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó ti mọ̀ mí.

Kúbù tí mò ń wí yìí náà ni olójú mẹ́fà, aláwọ̀ mẹ́fà tí Ernő Rubik, tó ń kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé níṣẹ́ ní Budapest, ṣe ní 1974. Ẹ ó máa yí i títí ojú kọ̀ọ̀kan á fi di aláwọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ni à ń pè ní títò ó pé. Ṣùgbọ́n irú èyí tó ṣe nígbà náà kọ́ ni àwa tó ń fi í sáré ń lò. Ti ìsinsìnyí ní òòfà nínú. Etí rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé kékeré aláwọ̀ méjì, jẹ́ 12, òòfà méjì-méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igun rẹ̀, àwọn ègé aláwọ̀ mẹ́ta, jẹ́ 8, òòfà mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ rò ó pọ̀, 48 ni. Òòfà wọ̀nyí ló máa ń fa ojú kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ tí ẹ bá yí i, tí ọwọ́ yín á fi mọ̀ pé ó ti délẹ̀ kí ojú yín tó rí i.

Ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni mo kọ́ ọ. Kò sí òde, kò sí aṣọ ẹbí, eruku ń bo máṣìnì. Ọmọ àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ mi ló mú ọ̀kan wálé, àwa méjèèjì la jọ ń tiraka rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n tò. Lónìí, ọmọ náà ti fi mí sílẹ̀ tipẹ́: ìṣẹ́jú-àáyá 16 tàbí 17 ló fi ń tò ó pé, èmi ṣì wà ní 26, 27. Níbi ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́, ní Budapest ní 1982, 22.95 ni Minh Thai fi borí. Bí ọmọ yìí bá ti gbọ́ ìyẹn, á ní, “Bíg Mọ́mì, èmi ni ǹ bá gbà á!” Mo máa ń dá a lóhùn pé kúbù 1982 ò lóòfà, àti pé kó lọ fi máṣìnì tí wọn ò tíì kán epo sí rí ránṣọ ná, kó tó wá bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà ni mo ra tuntun yìí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa díẹ̀ kí n tó sọ ọ́ dáadáa.

Mo kọ́kọ́ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ìwà télọ̀. Mílímítà 56 ní ìbú, bákan náà ní òòró. Mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó mọ̀ bóyá aṣọ tuntun bá yín mu, ẹ ní láti mọ bí èyí tó wà lọ́rùn yín ṣe rí. Mo mú ògbólógbòó kúbù mi, èyí tí wọ́n ń pè ní MoYu RS3M 2020, mo tò ó lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìdíje ni mo ṣe é: ìṣẹ́jú-àáyá 15 láti fi wò ó kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà aago. Nínú márùn-ún, wọ́n máa ń yọ èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù, wọ́n á ro mẹ́ta tó kù pọ̀, wọ́n á fi mẹ́ta pín in. Tèmi: 26.81, 24.97, 31.40, 27.12, 25.55. Ó já sí 26.49. (31.40 yẹn, oníbàárà kan ló wọlé tó ní, “Ẹ kúuṣẹ́ o, Àǹtí.” Mo dáhùn. Kí ni mi ò bá ṣe?)

Ó wá kan tuntun. Bí mo ṣe yí i lẹ́ẹ̀kan ni mo mọ̀ pé ó máa fún mi níṣẹ́ ṣe. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ inú omi. Ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ á ní, “Ó mà yá o!” Òótọ́ ni, ó yá, àmọ́ ó yá ju ìka mi lọ. Mo bá fẹ́ yí òkè lẹ́ẹ̀kan, á ti kọjá ibi tí mo fẹ́, mo ní láti dá a padà. 28.90, 33.15, 27.44. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó fọ́n ká mọ́ mi lọ́wọ́: etí méjì àti igun kan fò lọ. A rí igun náà lábẹ́ máṣìnì. Etí kan ya wọ inú apẹ̀rẹ̀ ìgékù aṣọ, ààrin léèsì pupa kan tí mo ti ń wá láti oṣù tó kọjá. Nínú ìdíje, òfin gbà yín láàyè láti tún kúbù tó tú ṣe kí ẹ sì máa tò ó lọ, àmọ́ aago ò ní dúró dè yín. Èmi ò wulẹ̀ ṣe wàhálà. DNF ni mo kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé kò parí. Ìkarùn-ún jẹ́ 29.62. DNF yẹn ni wọ́n máa yọ gẹ́gẹ́ bí èyí tó pẹ́ jù, wọ́n á yọ 27.44, ìyókù wá já sí 30.56. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún, mo wá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin pẹ́ sí i.

Mo gbé e dání, mo fi àtàǹpàkò fa ojú kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kúrò lára àwọn tó kù, bí ẹni ń wo bóyá bọ́tìnnì ti ń já. Funfun, yẹ́lò, pupa, ọsàn, gíríìnì: àlàfo tó hàn lábẹ́ wọn kò jura wọn lọ. Mo dé ojú búlúù, ó dìde gẹ̀ẹ́! Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì kó dá mi lójú. Àlàfo ibẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàwọn tó kù.

Ẹni tó bá ń ránṣọ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí òwú òkè bá le tí ti bọ́bìnì dẹ̀, kò sí bí ẹsẹ̀ yín ṣe mọ̀ ọ́n tẹ̀ tó, aṣọ á hunjọ. Ẹ ò ní bínú sí abẹ́rẹ́. Ẹ máa lọ wo ibi tí òwú ti ń le tàbí tó ti ń dẹ̀.

Mo tú u palẹ̀. Kò le: ẹ yí òkè dé ìdajì ọ̀nà, ẹ fi ìka tẹ etí kan láti ìsàlẹ̀, á yọ, àwọn yòókù á tẹ̀lé e. Mo ti kọ́kọ́ tò ó pé kí n tó tú u, mo sì to àwọn igun àti etí sórí tábìlì ní ẹsẹẹsẹ bí wọ́n ṣe jáde. Ẹ má fojú kéré èyí. Bí ẹ bá kàn kì wọ́n padà bó ṣe wù yín, ẹ̀kan ṣoṣo nínú 12 ni kúbù náà á ṣe é tò pé. Nínú 11 yòókù, igun kan á ti yí sódì, tàbí etí kan, tàbí kí méjì ti gbàyè ara wọn, ẹ lè wà níbẹ̀ títí dòru. Ó ti ṣe mí rí ní 2020, mo rò pé orí mi ni kò gbé e.

Nínú rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn igun, bí èyí tí ṣọ́ọ̀kì télọ̀ máa ń fi sára aṣọ. Ike tó ń ha ara rẹ̀ ni. Mo fi ègé aṣọ rírọ̀ nu gbogbo wọn.

Mo wá fi èékánná ṣí ìdérí àárín ojú kọ̀ọ̀kan. Oríṣi tí mo rà ní nǹkan méjì tí a lè yí lábẹ́ ibẹ̀. Ọ̀kan ni síkúrù, tó ń sọ bí ojú náà ṣe lè jìnnà sí àárín tó. Èkejì ni òrùka kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tó ń sọ bí sípíríńgì ṣe máa fi agbára tẹ̀ ẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa méjèèjì pọ̀, wọn ò rí bákan náà. Síkúrù ni mo fi wé bí aṣọ ṣe gbòòrò sí, òrùka ni rọ́bà ìbàdí. Aṣọ lè gbòòrò kí rọ́bà rẹ̀ sì le, ó sì lè fún kí rọ́bà dẹ̀.

Síkúrù búlúù ló fi ìdajì ìyípo dẹ̀ ju àwọn márùn-ún lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó tò ó pọ̀ níbi iṣẹ́ ló ti wá. Mo mú síkúrúdíráfà kékeré tí mo fi ń tú ẹsẹ̀ máṣìnì, mo dá a padà, mo tún fún gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé ní ìdámẹ́rin ìyípo, wọ́n sì dọ́gba. Òrùka wà ní 1 látọ̀dọ̀ wọn, mo gbé e sí 3. Mo yí kúbù náà díẹ̀. 3 ti le jù, àtàǹpàkò mi ń ti í bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Mo dá gbogbo rẹ̀ sí 2.

Ó wá ku epo, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Epo máṣìnì wà níwájú mi, ìgò gbọọrọ onímú tín-ín-rín, ó rọrùn, ó sì ń wù mí. Ẹ má dán an wò. Láti ara epo rọ̀bì ló ti wá, kò sì bá ike mu. Mo fi sí kúbù mi àkọ́kọ́ nígbà kan: ó kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó di mọ́líkì-mọ́líkì, ó kó gbogbo eruku ọyẹ́ Ìbàdàn jọ. Faṣilíìnì náà bákan náà ni. Epo silíkónì ni ẹ wá. Mo kán ẹ̀kán kan péré sórí sípíríńgì kọ̀ọ̀kan, mo wá fi ẹ̀kán méjì sáàárín àwọn etí àti igun. Ẹ̀kán méjì fún odidi kúbù, kì í ṣe fún ojú kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí mo kán an, ó lọ́ra bí ẹni jẹ iyán ọ̀sán. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Àǹtí, ẹ ti bà á jẹ́.” Kò bàjẹ́. Silíkónì máa ń kọ́kọ́ wúwo, ẹ máa yí i títí á fi tàn ká. Ìyípo tí mo lò ni èyí tí gbogbo oníkúbù mọ̀: ọ̀tún sókè, òkè sósì, ọ̀tún sílẹ̀, òkè padà. Bí ẹ bá ṣe mẹ́rin yìí lẹ́ẹ̀mẹfà lórí kúbù tó ti pé, yóò padà síbi tó wà gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdánwò torí kì í parọ́: bí igun kan bá yọ́ yí sódì nígbà tí ẹ ń sáré, ẹ̀ẹ̀mẹfà á pé, kúbù ò ní pé. Mo ṣe é lójú funfun, mo ṣe é lójú búlúù, mo yí i ká. Iná lọ láàárín rẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń yí i lọ. Ìró rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Kẹ̀ẹ̀rẹ̀kẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó ń dún tẹ́lẹ̀ di pọ̀, pọ̀, pọ̀, bí ìgbà tí ẹ ń fi sáàsì gé aṣọ tó nípọn.

Mo tún aago tẹ̀. 26.02, 24.18, 27.30, 25.71, 25.09. Ó já sí 25.61. Ó fi díẹ̀ dín sí ìṣẹ́jú-àáyá kan yá ju ògbólógbòó mi lọ, mi ò sì ní purọ́ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dùn mọ́ mi jùyẹn ni pé kò sí ìgbà kankan nínú márààrún tí ojú tó kẹ́yìn kọjá àyè rẹ̀. Nínú ìdíje, bí ẹ bá gbé kúbù sílẹ̀ tí ojú kan ṣì fi ju ìwọ̀n 45 wọ́, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì kún àkókò yín. Bó ṣe wà nígbà tó jáde nínú páálí, ìyà yẹn ni ǹ bá máa jẹ lójoojúmọ́. Yíyá tó pọ̀ jù ni mo yọ kúrò lára rẹ̀ tí mo fi yá.

Ọmọ àbúrò mi dé láti ilé ìwé ní aago mẹ́rin, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó gbà á, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fajú ro.

“Bíg Mọ́mì, ó ti le jù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.”

“Ṣé ìwọ lo ni ín?”

“Ẹ ẹ̀ gbọ́, ìdámẹ́rin péré.”

Mo gba kúbù mi, mo gbé ògbólógbòó fún un pẹ̀lú síkúrúdíráfà, mo ní kó lọ dẹ ìyẹn bó ṣe fẹ́. Mo wá ṣí ìwé tí mo ń kọ òṣùwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Lẹ́yìn ìyá ìyàwó kan tó fẹ́ ìró àti bùbá, àyà 44, ìbàdí 48, mo fa ìlà, mo kọ ọ́: Kúbù. Síkúrù, wọlé ìdámẹ́rin, búlúù wọlé ìdajì àti ìdámẹ́rin. Òrùka 2. Epo, ẹ̀kán méjì. Mo mú lára léèsì pupa yẹn, mo fi rán àpò kékeré olókùn fún un nítorí eruku, mo tó padà sídìí búláòsì oníbúláòsì.