Bí A Ṣe Ń Pọn Ọtí Ọkà Bàbà Nílé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọtí ọkà bàbà kò ṣòro láti pọn, àmọ́ ibì kan wà tó máa ń da iṣẹ́ rú mọ́ olùbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á po ìyẹ̀fun ọkà híhù mọ́ omi, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sè é títí. Ohun tí wọ́n máa ń rí níkẹyìn ni ẹ̀kọ mímu: kì í dùn, kì í hó. Ohun tó ń sọ ọkà di omi dídùn wà nínú omi orí, ìyẹn omi tó máa ń tòrò sókè nígbà tí ìyẹ̀fun bá ti rọlẹ̀. Ẹni tó bá se omi orí ti ba ọtí rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ibẹ̀ ni ìwé yìí yóò ti pẹ́ jù.

Ohun èlò

Ìwọ̀n tí a kọ síhìn-ín yóò mú ọtí bíi lítà 14 jáde. Ẹ nílò ọkà bàbà kílò 5, torí pé lẹ́yìn tó bá hù tó sì gbẹ, yóò kù bíi kílò 4. Ẹ wá ìkòkò ńlá tó gba lítà 30, rọ́bà onídèérí tó gba lítà 20 sí 25, ọmọrogùn gígùn, asẹ́ àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì, àti ìwúkàrà gbígbẹ tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, gíráàmù 10. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru oúnjẹ, ó dára. Bí ẹ kò bá rí, ọ̀nà àbáyọ wà nísàlẹ̀.

Rọ́bà tó bá ti gbé kẹ́míkà tàbí ọ̀dà rí kò ṣeé lò, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Garawa páànù náà kò dára: ọtí yìí máa ń kan, kíkan rẹ̀ a sì máa jẹ síńkì ara garawa wọnú ọtí, èyí tó ń fa èébì àti inú rírun.

Ọkà tó yẹ kí ẹ rà

Ọkà tó máa hù ni ẹ ń wá. Pupa ń fún ọtí láwọ̀, funfun ń jẹ́ kí ó mọ́lẹ̀. Kò sí èyí tí kò dára nínú méjèèjì. Ọkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lóko lè má tíì fẹ́ hù, ẹ jẹ́ kó lo oṣù kan sí méjì nínú àká. Èyí tó sì ti pẹ́ jù, tí kòkòrò ti lu, agbára ti tán nínú rẹ̀. Kí ẹ tó ra púpọ̀, ẹ ka wóró 100, ẹ dì í sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí 90 bá hù, ẹ lọ rà á. Bí kò bá tó 80, ẹ fi ro tùwó.

Irúgbìn tí wọ́n ń tà fún gbígbìn, tí wọ́n ti fi oògùn kùn ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé, májèlé ni. Ẹ bi ẹni tó ń tajà léèrè oògùn tó fi sí ọkà rẹ̀ nítorí kòkòrò. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ra tẹlòmíràn.

Ọkà tó ti bu kò ṣeé fi pọntí, kódà bó jẹ́ díẹ̀ ló bu nínú rẹ̀. Iná kì í pa májèlé tí ọkà bíbu ń pèsè. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ní Chitima lórílẹ̀-èdè Mòsáḿbíìkì, ènìyàn 75 ló kú lẹ́yìn tí wọ́n mu ọtí ìbílẹ̀ tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti bàjẹ́ pọn. Kòkòrò àìfojúrí tó dàgbà nínú ìyẹ̀fun náà ló pèsè májèlé ọ̀hún, sísè kò sì ràn án.

Rírẹ àti híhù

Ẹ fọ ọkà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ sì kó gbogbo èyí tó bá léfòó dànù. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 24. Ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kí ọkà fẹ́ atẹ́gùn fún wákàtí kan, kí ẹ tó da omi tuntun sí i. Ọkà ń mí. Èyí tí a bá rì sómi láìyí omi padà á rà kó tó hù, òórùn rẹ̀ lẹ ó sì fi mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àpò tó mọ́ síbi tí oòrùn kò dé, ẹ da ọkà sórí rẹ̀ kí ó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ sì fi àpò tútù bò ó. Ẹ má ṣe dà á sórí ilẹ̀ lásán. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ sì rú u láti ìsàlẹ̀ wá sókè kí gbòǹgbò má baà so kọ́ra. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀: bó bá gbóná mọ́ ọwọ́, ẹ tẹ́ ẹ kí ó fẹ́lẹ́ sí i kíákíá, torí pé ooru tó bá ju dígírì 32 lọ ń mú kí ó bu. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, èéhù rẹ̀ á gùn tó ìlọ́po méjì wóró ọkà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá a dúró. Ẹni tó bá jẹ́ kí ó dàgbà títí ewé fi yọ ti jẹ́ kí èéhù jẹ ṣúgà tó yẹ kó di ọtí.

Sísá àti yíyọ èéhù kúrò

Ẹ sá a sórí ẹní tàbí táńpólì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má sá a sí etí títì ọlọ́dà, nítorí òkúta, epo ọkọ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Ó ti gbẹ nígbà tí ẹ bá gé e jẹ tó bá ró kẹ́kẹ́ lábẹ́ eyín.

Ẹ wá fi ọwọ́ ra á kí èéhù àti gbòǹgbò já kúrò, kí ẹ sì fẹ́ ẹ dànù. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Èéhù ọkà bàbà ní ohun kan nínú tó ń di sáyánáìdì, irú májèlé tó wà nínú gbágùúdá kíkorò tí a kò tíì ṣe. Nítorí náà ẹ má da èéhù yìí fún ewúrẹ́ tàbí adìẹ, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ìyókù tó bá ṣẹ́ kù nínú ọkà, sísè láìdé ìkòkò ni yóò lé e lọ, bó ṣe máa hàn níwájú.

Ẹ lọ ọkà náà kó rí kùrùkùrù bíi gàárì, kí ó má kúnná bí èlùbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣeé sẹ́. Ẹ̀rọ tó ń lọ ọkà gbígbẹ ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata á fún yín lọ́tí tó ń ta lọ́fun.

Omi orí

Ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí rèé. Nígbà tí ọkà hù, ó pèsè ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń gé sítáàṣì sí ṣúgà. Ẹ́ńsáìmù yìí ń yọ́ sínú omi. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ọkà bàbà kì í là àfi kí ooru tó dígírì 70 ó lé, ooru yẹn gan-an ló sì ń pa ẹ́ńsáìmù. Ọkà báálì tí àwọn ará Jámánì ń lò kò ní ìṣòro yìí, torí pé sítáàṣì tirẹ̀ tètè ń là. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní ọdún 1988, tí àwọn ilé iṣẹ́ ọtí yíjú sí ọkà bàbà, ńṣe ni wọ́n ń ra ẹ́ńsáìmù láti òkè òkun kún un. Àwọn ìyá apọntí kò ra nǹkan kan: wọ́n ń gbọ́n omi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Ẹ po ìyẹ̀fun kílò 4 mọ́ omi tútù lítà 16, kí ẹ rú u dáadáa kó má sí kókó nínú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì. Ẹ fi igbá rọra gbọ́n omi orí tó tòrò, lítà 5, sínú ohun tó mọ́, kí ẹ dé e. Kò gbọdọ̀ kan iná rárá.

Ẹ gbé èyí tó kù kaná. Ẹ máa rò ó láìdúró títí yóò fi hó, torí pé ìdí ìkòkò tètè ń jóná, òórùn jíjóná kì í sì í kúrò nínú ọtí mọ́. Lẹ́yìn tó bá hó, ẹ dín iná kù, kí ó máa hó wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú 40. Yóò ki bí ògì.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ ìwọn ooru, ẹ da omi tútù tó mọ́ lítà 5 sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ rú u. Yóò bọ́ sí nǹkan bíi dígírì 80. Nígbà náà ni kí ẹ tó da omi orí lítà 5 padà sínú rẹ̀, yóò sì sún mọ́ dígírì 65, ibi tí ẹ́ńsáìmù ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ kíyè sí ètò rẹ̀: omi lásán ló ń ṣáájú, omi orí ló ń tẹ̀lé e. Omi orí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sínú ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ti kú nìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìwọn ooru kàn máa dúró kó rọ̀ sí 80 kó tó dà á.

Ẹ dé ìkòkò, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí àpò wé e fún wákàtí méjì. Láàárín ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé ògì tó ki yẹn ti ṣàn. Tọ́ ọ wò, ó yẹ kó dùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ kán áyódínì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn sí ẹ̀kán rẹ̀ kan nínú àwo funfun: bó bá di aró dúdú, sítáàṣì ṣì wà, ẹ fi kún àkókò. Ẹ da èyí tí ẹ fi dán an wò nù.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọtí rẹ̀ kan díẹ̀, bíi pítò tí wọ́n ń mu ní àríwá Gánà, á jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú ìkòkò kó tó sẹ́ ẹ. Èyí kò léwu, torí pé ẹ ṣì máa sè é.

Sísè àti ìwúkàrà

Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fún èérí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbé omi dídùn náà padà sórí iná. Kí ó hó fún wákàtí kan gbáko láìdé e, kí ẹ máa yọ ìfófó orí rẹ̀. Ooru tó ń jáde ló ń kó ìyókù sáyánáìdì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ìkorò, ẹ rin orógbó méjì sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 20. Ewúro náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń wúwo sí i. Ewé gbígbẹ mẹ́ta tó.

Láti ìgbà tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ohunkóhun tó bá kàn án gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi omi gbígbóná ṣan. Ẹ gbé ìkòkò sínú agbada omi tútù kó lè tètè rọ̀ sí ìsàlẹ̀ dígírì 30. Ìwúkàrà tí a bá da sínú ọtí gbígbóná máa kú. Ẹ po gíráàmù 10 mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ife kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15 títí yóò fi máa yọ ìfófó, kí ẹ tó dà á sínú rọ́bà.

Rọ́bà gbọ́dọ̀ ní ààyè lókè, ìdérí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ le pinpin, torí pé atẹ́gùn ń jáde. Ẹ gbé e síbi tó tutù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi àpò tútù wé e. Láàárín wákàtí 24 sí 48, ọtí dídùn tó ń hó ti wà. Bó bá tó ọjọ́ mẹ́rin, yóò le, dídùn rẹ̀ yóò sì dínkù.

Bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ

Bí kò bá hó lẹ́yìn wákàtí 12, ìwúkàrà ti gbó tàbí ooru ti pa á. Ẹ da òmíràn sí i lọ́jọ́ náà. Òórùn bíi ti ọ̀dà èékánná fi hàn pé ibi tí ẹ gbé e sí gbóná jù, irú ọtí bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́ni lórí. Bó bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ kejì, eṣinṣin kéékèèké ti wọ̀ ọ́ tàbí rọ́bà kò mọ́. Èyí tó bá hu irun lójú, tàbí tó ń yọ̀ bí ilá, ẹ dà á nù láìtọ́ ọ wò.

Ẹ má ṣe dé e mọ́ inú ìgò gíláàsì. Ó ṣì ń hó lọ́wọ́, ìgò á bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ sì lè gba ojú ènìyàn. Ike omi ẹlẹ́rìndòdò dára jù: bó bá le débi tí ọwọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀. Nínú fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún.

Àgbàdo náà ṣeé fi pọn, ìyẹn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù àgbàdo híhù kéré sí ti ọkà bàbà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ pa á pọ̀ ní ìdajì sí ìdajì.

Ọtí ni, bó ti wù kí ó dùn tó. Aboyún, ọmọdé, ẹni tó ń lo oògùn àti ẹni tó fẹ́ wa ọ̀kadà kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹ má sì gbìyànjú láti sè é di ògógóró nínú ilé. Bí ẹ bá fẹ́ máa rọ ọ́ sínú ike tí ẹ ó lẹ orúkọ mọ́ fún títà, ẹ kọ́kọ́ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ rọ́bà jẹ́ ìwúkàrà fún ìpọntí tó ń bọ̀: ààbọ̀ ife tó, bí ẹ bá lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èérí tí ẹ sẹ́ dára fún ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti adìẹ, torí pé a ti yọ èéhù rẹ̀ a sì ti sè é. Ọjọ́ tí ẹ sẹ́ ẹ gan-an ni kí ẹ fún wọn, tàbí kí ẹ sá a gbẹ, nítorí ní ọjọ́ kejì ó ti ń bu.